Ojú Òwú Tó Yẹ Kó Já Bọ́

Lọ́jọ́ tí ìròyìn náà dé, aṣọ pẹpẹ ṣọ́ọ̀ṣì ni Josiane ń lọ̀. Ọyẹ́ ti wọ ìlú Dassa, eruku sì ti bo àwọn òkè àpáta débi pé ẹni tó dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé wọn kò lè rí èyí tó wà lẹ́yìn ilé gan-an. Josiane ti fọ́n omi sára aṣọ funfun náà, ó ti fẹ́ èédú inú irin ìlọṣọ títí ó fi pọ́n, ó sì ti lọ apá kan tán nígbà tí fóònù rẹ̀ dún. Lambert ni, ọlọ́kadà kan tó máa ń dúró ní ibùdókọ̀, tó mọ gbogbo ilé wọn.

"Tàǹtí Josiane," ni ó ń sọ. "Tàǹtí Josiane, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó."

"Mi ò jókòó. Kí ló ṣẹlẹ̀?"

"Claudine àbúrò yín ni. Kámíò kan ló gbá a lójú títì Parakou. Kùrukùru ti pọ̀ jù, awakọ̀ rẹ̀ kò rí i."

"Ṣé ó ṣì ń mí?"

Lambert bú sẹ́kún lórí fóònù, àgbàlagbà ọkùnrin.

Josiane pa fóònù. Ó gbé irin, ó lọ apá kejì aṣọ pẹpẹ náà, ó ká a, ó tún un ká, ó tò ó lé àwọn yòókù. Bàbá rẹ̀, Ignace, jókòó síwájú ilé, ó fi ìbora bo èjìká, ó ń dúró de oòrùn tó kọ̀ tí kò yọ. Àgbẹ̀ ni tẹ́lẹ̀ ní abúlé Kèrè, ikọ́ ló gbé e kúrò lóko. Ó yíjú padà, ó ní, "Ta ló pè?" Àfi gbì! Josiane ti ju irin náà lu ògiri. Èédú pupa fọ́n ká ilẹ̀ ilé bí àgbàdo tó tú lápò.

Kì í ṣe omijé ló kọ́kọ́ bá a. Ìbínú ni, ìbínú náà sì ti ní orúkọ kí ó tó di ọ̀sán. Amandine ni orúkọ rẹ̀.

Amandine, ọ̀rẹ́ Claudine, ló ni ìsọ̀ kékeré kan nítòsí ibùdókọ̀, Claudine sì ń bá a ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Abẹ́rẹ́ gígùn méjì ni wọ́n fi ń hun ẹ̀wù àyà fún àwọn ọlọ́kadà. Tìríkò ni gbogbo ayé ń pè é, ṣùgbọ́n tiwọn kò jọ fìlà ọmọ tuntun tí wọ́n ń tà lọ́jà. Ó nípọn bí ìbora, ó rọ̀, ìlà ńláńlá sì gba ara rẹ̀ kọjá láti òkè dé ìsàlẹ̀ bí ebè àti poro. Ọlọ́kadà tó bá wọ ọ̀kan sábẹ́ ẹ̀wù lè sáré nínú ọyẹ́ láìhúkọ́. Oníbàárà kan ní Glazoué ló béèrè ẹrù. Ilẹ̀ kò tíì mọ́ dáadáa tí Claudine fi gun ọ̀kadà lọ bá a. Josiane kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣàlàyé jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìsọ̀ Amandine ni, ẹrù Amandine ni, Amandine ló rán an.

Nígbà tí wọ́n gbé òkú dé, ilé kún. Àwọn obìnrin ìjọ wá, àwọn ará oko wá, olúkúlùkù ń sọ pé, "Ọlọ́run ló fún wa, Ọlọ́run ló gbà á." Josiane ń mi orí, ó sì ń dá wọn lóhùn nínú ara rẹ̀ pé, "Kámíò ló gbà á." Inú ń bí i sí wọn. Inú ń bí i sí àwọn àga tí wọ́n yá, sí àwọn ọmọdé tó ń rẹ́rìn-ín lẹ́yìn ilé, sí àlùfáà tó wọ aṣọ tí òun fúnra òun lọ̀, tó sì dúró ń sọ̀rọ̀ ìrètí. Ibi tí ọ̀rọ̀ dé nìyẹn tí Amandine fi wọlé, ó ru ìkòkò ìrẹsì.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ìrọ́jú."

"Ta ni ẹ̀gbọ́n rẹ? Ẹ̀gbọ́n ẹni tó wà nínú pósí ni mí."

"Mo ní kí n wá..."

"Gbé ìrẹsì rẹ, kí o lọ fi bọ́ oníbàárà rẹ ní Glazoué. Ebi á ti máa pa á."

Ìyá Narcisse, àbúrò bàbá wọn, fa Josiane láṣọ. "Josiane! A kì í lé ẹni tó wá báni ṣọ̀fọ̀."

"Bó bá jẹ́ òun ló gbẹ́ kòtò ńkọ́, Màmá?"

Amandine sọ ìkòkò náà kalẹ̀ jẹ́jẹ́ lẹ́nu ọ̀nà, ó yípadà, ó lọ. Josiane gbé ìrẹsì náà, ó dà á fún ewúrẹ́ lójú gbogbo èrò. Ìyá Narcisse bo ojú rẹ̀. Oúnjẹ ọ̀fọ̀ ni wọ́n dà sílẹ̀ lójú rẹ̀ yẹn, ó sì mọ̀ pé wọn yóò sọ ọ́ dé Kèrè.

Lẹ́yìn ìsìnkú ni Lambert gbé àpò kan wá, èyí tí wọ́n rí lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Ẹrù tí Claudine dì lọ ti bàjẹ́ tán, ṣùgbọ́n àpò ọwọ́ rẹ̀ kò ní nǹkan kan lára. Abẹ́rẹ́ rẹ̀ wà nínú rẹ̀, iṣẹ́ sì wà lórí abẹ́rẹ́. Ẹ̀wù àyà kan ni, àwọ̀ rẹ̀ bí ilẹ̀ amọ̀. Ẹ̀yìn rẹ̀ ti parí, iwájú rẹ̀ sì ti dé ibi tí àyà ènìyàn wà gan-an.

Ignace wò ó fún ìgbà díẹ̀. "Tèmi nìyẹn," ló sọ, ikọ́ sì mú un.

Nínú ìdílé wọn, iṣẹ́ tí òkú bá fi sílẹ̀ kì í kú pẹ̀lú rẹ̀, kì í sì í bọ́ sọ́wọ́ àjèjì. Ẹbí ló ń parí rẹ̀. Nígbà tí ìyá wọn kú, Josiane àti Claudine ló jókòó parí ẹní tó ń hun lọ́wọ́. Ẹní náà wọ́, ó rí jákujàku, ìyá wọn ì bá fi wọ́n ṣẹ̀sín, ṣùgbọ́n wọ́n parí rẹ̀. Ignace gbà gbọ́ pé bí ẹbí kò bá parí rẹ̀, òkú á máa padà wá wo iṣẹ́ rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò jẹ́ sọ bẹ́ẹ̀ létí àlùfáà. Nítorí náà, kò sí àríyànjiyàn kankan. Josiane nìkan ló kù. Òun ló máa parí ẹ̀wù náà, kí ọyẹ́ tó lọ, kí bàbá wọn lè rí i wọ̀.

Josiane kò ṣàìmọ tìríkò. Màsẹ̀ Gisèle, obìnrin ajẹ́jẹ̀ẹ́ Àgùdà kan tó ti darúgbó, tó tọ́ wọn nílé-ìwé mísọ̀n, ló fi rúlà kọ́ ọ. Ojú òwú, ìyẹn òwú tó lọ́ po mọ́ abẹ́rẹ́, ọ̀kan ṣoṣo rẹ̀ kò gbọdọ̀ já bọ́. Bó bá já bọ́, Màsẹ̀ á fi rúlà gbá ìka ọmọ tó sọ ọ́ nù, á ní, "Bí ẹ̀ṣẹ̀ ṣe ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, ihò kékeré kan." Ẹ̀kọ́ náà wọ Josiane lára débi pé títí dòní, òun ni wọ́n gbé aṣọ pẹpẹ ṣọ́ọ̀ṣì lé lọ́wọ́. Claudine ní tirẹ̀ sá kúrò ní kíláàsì Màsẹ̀. Ìgbà tó dàgbà ló tó kọ́ iṣẹ́ náà, lọ́dọ̀ Amandine.

Nígbà tí Josiane tẹ́ ẹ̀wù náà sórí itan, ohun tó rí bí i nínú. Lórí ebè kọ̀ọ̀kan, òwú méjìméjì ló sùn lé ara wọn níbi tó yẹ kí ọ̀kan wà. Ojú tó já bọ́ ni, lójú tirẹ̀. Kì í sì í ṣe ọ̀kan tàbí méjì, gbogbo ara iṣẹ́ náà ni.

"Ẹ wo ohun tó kọ́ ọmọ ọlọ́mọ," ló sọ.

Ó mú abẹ́rẹ́ kékeré tí ẹnu rẹ̀ kọ́ bí ìwọ̀ ẹja, ó bẹ̀rẹ̀ láti òkè. Á tú ojú kan sílẹ̀, á fa àwọn òwú tó sùn náà dìde lọ́kọ̀ọ̀kan, á sì tò wọ́n padà bí Màsẹ̀ ṣe kọ́ ọ. Lọ́sàn-án, bó bá ti lọ aṣọ tán, ìdí rẹ̀ ni yóò jókòó sí. Ó ń ṣe é kíákíá, ó ń ṣe é mọ́ tónítóní, ó sì ń bú Amandine bó ti ń ṣe é. Nígbà tó tún tó ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan ṣe, ó gbé e lọ fi han bàbá rẹ̀.

Ignace fi ọwọ́ pa ẹ̀wù náà láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, bí ẹni ń wo ẹran bóyá ó sanra. Nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ dé òkè, ó dúró.

"Kí ló ṣe ibí yìí?"

"Mo tún un ṣe ni, Bàbá. Àṣìṣe ló kúnbẹ̀."

"Ìsàlẹ̀ gbóná. Ibí yìí ti di àwọ̀n."

"Ojú rẹ̀ ló ti já bọ́ tẹ́lẹ̀. Ó yẹ kí n..."

"Àbúrò rẹ kú tán, Josiane, o tún ń tọ́ ọ sọ́nà?"

Ọ̀rọ̀ náà gbá a bí rúlà. Ó gba ẹ̀wù náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó jáde síta, ó gbé e sókè kí ìmọ́lẹ̀ là á kọjá. Lóòótọ́, òkè rẹ̀ ti fẹ́lẹ́, ó ti gùn, ó ti rí pẹlẹbẹ. Ìsàlẹ̀ tí kò tíì fọwọ́ kàn ṣì dìde bí ebè. Ó wá wo àwọn òwú méjìméjì ìsàlẹ̀ náà dáadáa fún ìgbà àkọ́kọ́. Wọ́n tò. Ebè kọ̀ọ̀kan ní tirẹ̀, ìlà kan fò, ìlà kan mú un, láìyẹsẹ̀. Àṣìṣe kì í tò báyìí. Claudine mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni. Ohun tó kẹ́yìn tí ọwọ́ ọmọ yẹn ṣe láyé, Josiane ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ tú u, ó sì ti ń yin ara rẹ̀ bó ti ń tú u.

Ó gbìyànjú láti dá a padà. Ó tú u, ó hun ún, ó tún un tú, títí òwú náà fi bẹ̀rẹ̀ sí í hu irun. Ó dì í mọ́ra, ó ní òun kò ní í sunkún nítorí òwú. Ikọ́ bàbá rẹ̀ ń dún láti inú ilé.

"Amandine ló mọ̀ ọ́n," ni Ignace sọ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bi í.

"Mi ò ní í lọ síbẹ̀."

"Ó dáa. Jẹ́ kó wà lórí abẹ́rẹ́ nígbà náà." Ó fa ìbora rẹ̀, ó kọ ẹ̀yìn sí i.

Ní ọjọ́ kejì, nígbà tí Josiane dé ìsọ̀, Lambert àti àwọn ọlọ́kadà méjì jókòó lórí ọ̀kadà wọn níwájú rẹ̀, wọ́n ń da Amandine láàmú.

"Amandine, ẹ̀wù mi dà? Àyà mi ti di firíjì."

"Àyà rẹ? Ẹnu rẹ ni kí n hun aṣọ fún. Òun ni kì í dé."

Wọ́n ń rẹ́rìn-ín lọ́wọ́ nígbà tí wọ́n rí Josiane. Ẹ̀rín náà kú. Lambert sọ̀ kalẹ̀, ó ń ti ọ̀kadà rẹ̀ sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀. "Ẹ káàbọ̀, Tàǹtí."

Josiane tẹ́ ẹ̀wù náà sórí tábìlì. "Kọ́ mi."

Amandine na ọwọ́ sí i, ó rí òkè rẹ̀, ẹnu rẹ̀ là. "Ta ló..." Ó pa ẹnu dé.

"Èmi ni. Sọ èyí tó wà lẹ́nu rẹ."

"Mi ò sọ nǹkan kan, Ẹ̀gbọ́n."

"Má pè mí ní ẹ̀gbọ́n."

"Kí ni kí n máa pè yín?"

"Má pè mí rárá. Kọ́ mi."

Amandine fa ọwọ́ rẹ̀ padà sẹ́yìn láìkan ẹ̀wù náà. "Claudine sọ ti ilé yín fún mi. Ó ní àjèjì kì í fọwọ́ kan iṣẹ́ òkú. Ẹ jẹ́ kí n wá òwú mìíràn, èyí ni n ó fi máa ṣe é kí ẹ máa wò ó."

Ìyẹn gan-an tún bí Josiane nínú. Ó ti ń retí pé obìnrin yìí yóò na ọwọ́ sí i, kí òun lè gbá ọwọ́ náà dànù.

Wọ́n jókòó kọjú síra wọn. Amandine ta ojú mélòó kan sórí abẹ́rẹ́ rẹ̀, Josiane náà ta tirẹ̀ sórí òwú àlòkù, wọ́n sì gbé iṣẹ́ Claudine sí ẹ̀gbẹ́ kan.

"Ọ̀kan, ẹ hun ún bí ẹ ṣe mọ̀ ọ́n," ni Amandine sọ. "Èyí tó tẹ̀ lé e, ẹ má ki abẹ́rẹ́ bọ ojú tó wà lórí. Ẹ lọ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, ẹ ki í bọ ojú ti ìlà tó ṣáájú, kí ẹ sì fa òwú gba ibẹ̀."

"Tí mo bá ṣe bẹ́ẹ̀, ti òkè á já bọ́."

"Ó yẹ kó já bọ́."

"Á tú."

"Kò ní í tú. Èyí tí ẹ fà gba ìsàlẹ̀ ló máa dì í mú. Òwú méjèèjì á sùn lé ara wọn. Ibẹ̀ ló ti ń nípọn."

Josiane ki abẹ́rẹ́ bọ ìsàlẹ̀. Ó fa òwú. Ojú òkè yọ̀ kúrò lórí abẹ́rẹ́, kí ó sì tó já bọ́, èékánná rẹ̀ ti gbá a mú. Kò mọ ìgbà tí ọwọ́ rẹ̀ ṣe é. Ó tún un ṣe. Èékánná tún gbá a mú.

"Ẹ tún dì í mú."

"Mo mọ̀!"

Ẹ̀ẹ̀kan sí i, ọwọ́ náà kọ̀. Rúlà Màsẹ̀ ṣì wà lórí ìka yẹn láti kékeré. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fa òwú náà pẹ̀lú agbára, títí ojú rẹ̀ fi le bí okùn kànga. Láti ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, Lambert kò lè pa á mọ́ra.

"Tàǹtí, ẹ̀ ń fa òwú yẹn bí ẹni ń fa ewúrẹ́ lọ sọ́jà."

"Lambert, bí mo bá fa etí rẹ bẹ́ẹ̀, o ò ní í gbọ́ fèrè kámíò mọ́."

Bí ó ti sọ ọ́ tán ló gbọ́ ohun tó sọ. Lambert wo ilẹ̀, ó gbé ọ̀kadà rẹ̀, ó lọ wá èrò níbòmíràn. Josiane tẹ orí ba. Ó ń hun ún lọ pẹ̀lú ìbínú sí ẹnu ara rẹ̀. Nínú ìbínú yẹn ni ojú kan ti já bọ́ tí kò fi ráyè gbá a mú. Ó wò ó. Kò tú. Ó jókòó síbẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ lórí èkejì rẹ̀.

"Bẹ́ẹ̀ ni," ni Amandine sọ, ohùn rẹ̀ kéré.

Ìlà àkọ́kọ́ kò jọ nǹkan kan, bẹ́ẹ̀ náà ni èkejì. Ó rí wúruwùru bí iṣẹ́ ọmọdé. Josiane ti fẹ́ sọ pé wọ́n ń tan òun jẹ, nígbà tí ebè bẹ̀rẹ̀ sí í dìde lábẹ́ ọwọ́ rẹ̀, ọ̀kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ èkejì, tí poro sì jìn sáàárín wọn. Ó fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́. Ó rọ̀, ó sì ta padà. Inú rẹ̀ fẹ́ dùn, ó sì bínú sí i pé ó fẹ́ dùn.

Láti ọjọ́ yẹn, ó ń wá ní ọ̀sán. Kì í kí Amandine, kì í mu omi rẹ̀. Ó gbé àpótí ìjókòó tirẹ̀ wá láti ilé. Lákọ̀ọ́kọ́ ó tú gbogbo ibi tó bàjẹ́ nínú iṣẹ́ Claudine, títí dé ìlà tí ọwọ́ àbúrò rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀ ní tòótọ́, ó sì mú un láti ibẹ̀. Ọwọ́ tirẹ̀ le ju ti Claudine lọ. Ibi tí iṣẹ́ ọ̀kan ti parí, tí ti èkejì ti bẹ̀rẹ̀, hàn gbangba bí ààlà oko.

Ọ̀sán ọjọ́ kan, láìgbé ojú sókè, ó ní, "Ta ló ní kó gbéra ní kùtù yẹn?"

Abẹ́rẹ́ Amandine dúró. Ó lè purọ́. Claudine kò sí níbẹ̀ mọ́ láti tú àṣírí rẹ̀.

"Èmi ni."

"Kí ló sọ?"

"Ó ní kí á jẹ́ kí kùrukùru ká ná. Mo ní oníbàárà yẹn á lọ ra tẹlòmíràn. Mo ní kó má ṣe ọ̀lẹ. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní òun máa sọ fún yín pé mo pe òun ní ọ̀lẹ. Ó gun ọ̀kadà, ó lọ."

Josiane fi apá gbá gbogbo ohun tó wà lórí tábìlì. Bọ́ọ̀lù òwú yí gba ojú ọ̀nà, taya ọ̀kadà gun orí ọ̀kan, abẹ́rẹ́ ń ró lórí sìmẹ́ńtì.

"Ìwọ lo pa á!"

"Mo mọ̀."

"Má sọ pé o mọ̀! Sọ pé irọ́ ni! Sọ pé kámíò ni, sọ pé Ọlọ́run ni, kí n lè bá ọ jà! Dìde!"

Amandine dìde. Ó sọ ọwọ́ méjèèjì sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara. "Tí ẹ bá fẹ́ lù mí, ẹ lù mí. Mi ò ní ìjà kankan lára."

Èrò ti ń pé jọ. Josiane gbé ọwọ́ sókè, ó sì rí i pé òun kò mọ ibi tí òun máa gbé e gbà. Obìnrin tó dúró níwájú rẹ̀ ti rù. Kò tíì kíyè sí i tẹ́lẹ̀. Ó gbá iṣẹ́ Claudine mọ́ra, ó la àárín èrò kọjá, ó ń sọ̀rọ̀ nìkan títí dé ilé. Lálẹ́, kò jẹun.

Fún ọjọ́ mélòó kan, ó dá hun ún nínú ilé. Kò nílò ẹnikẹ́ni mọ́, bẹ́ẹ̀ ló rò. Ó hun ún kọjá àyà, ó hun ún dé èjìká. Níbẹ̀, ó fẹ́ pa àwọn ojú náà dé kí iṣẹ́ lè kúrò lórí abẹ́rẹ́, ó sì pa wọ́n bí Màsẹ̀ ṣe kọ́ ọ, ní fífún pinpin. Gbogbo òkè ẹ̀wù náà súnkì, ó wé mọ́ ara rẹ̀ bí ewé tí iná rà. Ó tú u. Ó tún un pa, ó tún súnkì. Ikọ́ Ignace ti di ohùn kan nínú ilé, bí ìlẹ̀kùn tí kò dé dáadáa. Josiane bú ẹ̀wù náà. Ó bú ọyẹ́. Ó bú Claudine pẹ̀lú, fún ìgbà àkọ́kọ́, pé, "Ìwọ náà, kí ló dé tí o kò kọ̀? Ta ló ń pe ènìyàn lọ́lẹ tí ènìyàn fi ń gun ọ̀kadà lọ kú?" Ẹ̀yìn èyí ni ẹkún tó bọ́, ó gbóná, ó pọ̀, ó sì pẹ́. Ignace jáde wá, ó jókòó tì í, kò sọ pé kó dákẹ́.

Ní òwúrọ̀, ó gbé àpótí rẹ̀, ó padà sí ìsọ̀.

Amandine ti fọ eruku kúrò lára àwọn òwú tó yí sójú ọ̀nà, ó ti sá wọn, ó sì ń ká wọn lọ́wọ́. Josiane fi òkè ẹ̀wù tó súnkì náà hàn án.

"Ẹ mú abẹ́rẹ́ tó nípọn ju èyí lọ fún pípa," ni Amandine sọ. "Kí ẹ sì jẹ́ kí òwú ní ìsinmi láàárín ojú kan sí èkejì. Bí ó bá nípọn báyìí, kì í fẹ́ kí wọ́n fún un lọ́rùn." Ó ṣe é lórí èérún òwú tirẹ̀. Josiane ń wò ó. Lẹ́yìn náà ó ṣe tirẹ̀, ojú kan lẹ́yìn ojú kan, títí abẹ́rẹ́ fi ṣófo.

Ó rán èjìká pọ̀ nílé. Ignace wọ̀ ọ́ sábẹ́ agbádá rẹ̀ lọ sí ìsìn òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú. Kí wọ́n tó jáde, ó fi ìka wá ibi tí ọwọ́ ọmọ rẹ̀ kan ti pàdé tèkejì, ní àyà gan-an, ó fi ọwọ́ síbẹ̀ díẹ̀.

"Ó gbóná," ló sọ. Ó wá wo Josiane. "Ìbínú rẹ ńkọ́?"

"Ó wà níbẹ̀, Bàbá."

"Kò burú. Mú ọ̀pá mi wá."

Ní ọjọ́ kejì ni Josiane mú ìgbálẹ̀ kan àti àpò sìmẹ́ńtì òfìfo, ó lọ sí ìsọ̀.

"Dìde. Mo fẹ́ mọ ibi tó ti ṣẹlẹ̀ gan-an."

Amandine wo ìgbálẹ̀, ó wo ojú rẹ̀. "Láti ọjọ́ yẹn, mi ò tíì gba ibẹ̀ kọjá."

"Èmi náà ò tíì gba ibẹ̀. Dìde."

Lambert júwe ibẹ̀ fún wọn, ó fẹ́ gbé wọn, Josiane ní kó má ṣèyọnu. Wọ́n fi ẹsẹ̀ rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, ọ̀kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn, oòrùn ti gun àpáta, kùrukùru sì ti ká. Àwọn ọmọ ilé-ìwé ń kọjá lọ, àwọn kan gbé bàtà lọ́wọ́ kó má baà gbó. Kò pẹ́ tí wọ́n fi rí i. Gíláàsì iná ọ̀kadà ṣì wà níbẹ̀, ó fọ́ wẹ́wẹ́, ó pupa, ó funfun, ó tàn káàkiri ibi tí àwọn ọmọ náà ń gbẹ́sẹ̀ lé. Ẹnikẹ́ni kò tíì kó o.

Amandine dúró, ó fi ọwọ́ bo ẹnu.

Josiane ká etí aṣọ rẹ̀ sókè, ó bẹ̀rẹ̀, ó sì ń gbá a. Kámíò kan kọjá, ó fọn fèrè, afẹ́fẹ́ rẹ̀ fẹ́ gbé ìborùn rẹ̀ lọ. Kò gbé orí sókè. Ó ń gbá gíláàsì náà jọ láti inú koríko, láti inú yanrìn, ó ń fi ìka ṣa èyí tí ìgbálẹ̀ kò lè mú.

"Mo ṣì ń bínú sí ọ," ló sọ.

"Mo mọ̀, Ẹ̀gbọ́n."

"Ya ẹnu àpò yẹn dáadáa."

Amandine kúnlẹ̀, ó ya ẹnu àpò náà, Josiane sì ń gbá gíláàsì sínú rẹ̀.